Shake-up: ṣé àtúntò ni, àbí wọ́n kàn gbé àwọn èèyàn káàkiri?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iléeṣẹ́ rédíò ni mo ti ń ka ìròyìn Yorùbá, mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́jọ lọ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń kọ ti Gẹ̀ẹ́sì gbé ìròyìn kan fún mi, àkọlé rẹ̀ ni "Major shake-up in Police". Àkókò ti lọ, mo bá tú u sí "Ìmìtìtì ńlá ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá". Mi ò tíì ka ìròyìn náà tán tí fóònù ti ń dún. Bàbá kan ní ṣé ilé ló wó lu àwọn ọlọ́pàá ni, pé àgọ́ ọlọ́pàá kan l'Ákùúrẹ́ lọmọ òun wà. Ọ̀gá mi ní kí n máa pè é ní àtúntò láti ìsinsìnyí lọ. Ọkàn mi ò gbà á, torí restructuring táwọn olóṣèlú ń pariwo ni mo mọ̀ sí àtúntò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni shake-up gan-an? Ṣé ọ̀kan náà ni òun àti reshuffle, overhaul àti restructuring, àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n?

* * *

Àbúrò mi, má bara jẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi túmọ̀ ìròyìn, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára àwọn tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù nínú yàrá ìròyìn wa.

Bàbá tó pè ọ́ yẹn ò ṣì ọ́ gbọ́. Ìmìtìtì tí gbogbo wa mọ̀ ni ìmìtìtì ilẹ̀. Bí rédíò bá sọ pé ìmìtìtì ṣẹlẹ̀ níbì kan, ẹni tó lọ́mọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ọmọ rẹ̀.

Ohun tí Òyìnbó ń pè ní shake-up ni kí ìyípadà ńlá dé bá ibi iṣẹ́, ẹgbẹ́ tàbí ìjọba kan lójijì, kó sì jẹ́ pé òkè ló ti wá. Ẹni tó wà lórí àga lánàá lè má sí níbẹ̀ lónìí. Wọ́n lè pa ẹ̀ka méjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí ìyípadà bá ń rọra wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún márùn-ún, wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ni wọ́n fi ṣe, wọ́n á fi àmì kékeré so shake àti up pọ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà míì á kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ìṣe, wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀. Má sì jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ shake-down o. Ìyẹn, l'Amẹ́ríkà, ni kí ẹni tó lágbára fi ipá gba owó lọ́wọ́ èèyàn, tàbí kí wárdà tú yàrá ẹlẹ́wọ̀n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Akẹgbẹ́ mi kan ṣì í mú rí, ló bá ka ìròyìn ọlọ́pàá tó ń gba rìbá bí ẹni pé ìgbéga ni wọ́n fún un.

Kí o tó máa wá ọ̀rọ̀ kiri, kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìròyìn ọlọ́pàá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọ̀gá àgbà pátápátá gbé àwọn kọmíṣánnà láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Wọn ò lé ẹnì kankan, wọn ò tú ẹ̀ka kankan ká. Nítorí náà: "Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá gbé àwọn kọmíṣánnà káàkiri." Ó tán. Gẹ̀ẹ́sì lè gbé orúkọ kan ṣoṣo kalẹ̀ bí àkọlé, kó má sọ ẹni tó ṣe é, kó má sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá á béèrè méjèèjì lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìlọrin kọ ọ́ sábẹ́ èsì mi pé kí la ń wá lọ sókè odò, ṣebí gbígbọn wà ńlẹ̀: "Wọ́n gbọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá." Àwọn mẹ́ta mìíràn ti tẹ̀lé wọn.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo gbọn yẹn. Tí ohùn rẹ̀ bá wà láàárín, gbọn ni ohun tí à ń ṣe fún ẹní láàárọ̀: èèyàn méjì á di igun rẹ̀ mú lójúde, wọ́n á gbọn ọ́n, eruku á fò, wọ́n á ká a. Tí ohùn bá lọ sílẹ̀, gbọ̀n ni ohun tí òtútù ń ṣe fún aláìsàn. Tó bá lọ sókè, ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́, ó ti di gbọ́n. Lórí rédíò, níbi tí olùkàwé ti ń sáré bá aago, olùgbọ́ lè mú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti ohùn ṣì kéré. Ohun tó ń jábọ́ lára ẹní ni ìdọ̀tí. Bí a bá ní ìjọba gbọn iléeṣẹ́ kan, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti di eruku ẹní lẹ́nu wa. Lọ́dún 1975, lẹ́yìn tí Murtala Muhammed gbàjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n yọ níṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. "With immediate effect" ni gbólóhùn tí wọ́n fi ń kéde rẹ̀, ó sì di ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ. Purge ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún oògùn tí à ń lò láti fọ inú. Àwọn kan nínú wọn ti kówó jẹ lóòótọ́. Àwọn mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ gbogbo wọn di ìdọ̀tí ti dájọ́ fún wọn kí ilé ẹjọ́ tó jókòó, iṣẹ́ olùtúmọ̀ ìròyìn kọ́ nìyẹn.

Bí ẹnì kan bá ń kọ èrò ara rẹ̀, kó gbọn ohun tó bá wù ú. Nínú ìròyìn, rárá.

* * *

Reshuffle ò le. Ìdí káàdì ló ti wá. Àwọn tó ń ta á lábẹ́ igi á da káàdì pọ̀, wọ́n á tún un pín. Káàdì kan náà ni, ọwọ́ tó bọ́ sí ló yàtọ̀. Nítorí náà, tí gómìnà bá mú kọmíṣánnà fún ètò ọ̀gbìn, tó gbé e lọ sí ti ìrìnnà, ó pààrọ̀ ipò wọn ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn oníwèé ìròyìn kì í fi mọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu yọ mínísítà 5, ó gbé 10 láti ipò kan sí òmíràn, ó fa èèyàn 7 tuntun kalẹ̀ fún ilé aṣòfin àgbà, ó sì pa iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá rẹ́. Àwọn kan pè é ní reshuffle, àwọn kan pè é ní shake-up. Tí mo bá kọ pé "Ààrẹ ṣàtúntò ìgbìmọ̀ rẹ̀", mo ti fi àwọn márùn-ún tó pàdánù iṣẹ́ pa mọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ létí. "Ààrẹ yọ mínísítà márùn-ún, ó pààrọ̀ ipò àwọn mẹ́wàá": báyìí la ṣe kà á.

Ẹnì kan ti ń sọ pé rédíò ò láyè gbólóhùn gígùn. Mo kà á sókè nísinsìnyí, mo fi aago wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni.

* * *

Mekáníìkì ló kọ́ mi ní overhaul. Ọkọ̀ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín aláwọ̀ búlúù, ó sì ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi. Mo gbé e lọ sí Gate, n'Íbàdàn. Ọ̀gá mekáníìkì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n pa á. "Èyí ti kọjá ká yí pọ́lọ́ọ̀gì. Ọfáhọ̀ọ̀lù ni."

Mo jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn. Ó tẹ́ tapólì àtijọ́ sílẹ̀, ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó ń yọ àwọn písítìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sórí tapólì bí wọ́n ṣe ń jáde: èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́ pẹtiróòlù kan ṣoṣo láti fọ̀ wọ́n. Ó pariwo mọ́ ọn: "Má dà wọ́n pọ̀! Kálukú ló ní ihò tiẹ̀." Ó pààrọ̀ ríìngì, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó dá ìyókù padà síbi tí wọ́n ti wá. Nígbà tó ń nu ọwọ́, ó ní bí èèyàn bá tú ẹ́ńjìnnì tí kò rántí bó ṣe wà, kò lè tún un tò láéláé.

Ọjọ́ yẹn ni àtúntò yé mi. Tò tó wà nínú rẹ̀ ló bí ètò. Ohun tí a bá fẹ́ tún tò, a ní láti kọ́kọ́ tú u palẹ̀, ká mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ká mọ èyí tó ti jẹ àti èyí tó ṣì le. Ẹni tó mú kọmíṣánnà Ọ̀yọ́ tó gbé e lọ sí Ẹdó kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Nítorí náà, àbúrò, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà lórí èyí tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ń fà. Má pe ti ọlọ́pàá yẹn ní àtúntò.

Ẹnì kan béèrè bóyá "àtúnṣe" náà bá restructuring mu: ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. A lè tún un ṣe láì tú u. Bí wọ́n bá fi gbólóhùn kan kún òfin, àtúnṣe ni. Ó bá reform mu ju restructuring lọ.

* * *

Ó jọ pé restructuring lẹ ti fẹ́ sọ látàárọ̀, torí èsì lórí rẹ̀ ti ju ti shake-up lọ. Ẹ jẹ́ n kó wọn jọ bí mo ṣe rí wọn. Àwọn kan ní ká padà sí ìjọba ẹkùn-ẹkùn bíi ti òfin 1963. Àwọn kan ní ká fi ìpínlẹ̀ 36 sílẹ̀ bó ṣe wà, ká ṣáà gba agbára kúrò l'Ábùjá. Owó ni ti àwọn mìíràn: ibi tí ọrọ̀ bá ti jáde ni kó mú èyí tó pọ̀ jù. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni àwọn kan ń fẹ́, wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Ẹnì kan tó dàgbà sí Kano sì ní ìgbàkígbà tí òun bá ti gbọ́ ọ, ìpínyà ló ń wọ òun létí.

Gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń pè. Tí olóṣèlú bá wá dúró lórí pèpéle tó ní "a fẹ́ àtúntò", gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́, kálukú á sì gbé ohun tó gbọ́ lọ sílé.

Ẹ gbà mí láyè kí n rán wa létí pé wọ́n ti tú orílẹ̀-èdè yìí rí, wọ́n sì ti tún un tò, ojú àwọn òbí wa sì ni. Lọ́dún 1954, òfin Lyttelton sọ wá di ìjọba àpapọ̀ ẹlẹ́kùn mẹ́ta. Lọ́dún 1963 wọ́n yọ Midwest lára Ìwọ̀-Oòrùn, ìbò ni àwọn aráàlú fi fọwọ́ sí i. Nínú gbogbo ẹkùn àti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń dá sílẹ̀ láti ìgbà òmìnira, òun nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà náà, ìdajì owó tí ìjọba ń rí lórí ohun àlùmọ́ọ́nì ló ń padà sí ẹkùn tí wọ́n ti wà á. Owó kòkó wà lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955 àti tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn ní 1959. Lóṣù karùn-ún ọdún 1966, òfin ológun kẹrìnlélọ́gbọ̀n, Decree 34, ti Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, pa ẹkùn rẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Gowon gé ilẹ̀ sí ìpínlẹ̀ 12. Ó di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ológun ló ṣe gbogbo ìyẹn, orí afẹ́fẹ́ la ti gbọ́ ọ.

Ẹnì kan níhìn-ín sọ pé èyí kì í ṣe àtúntò, pé wọ́n kàn dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó gbọ́ ìtàn bàbá mi kó tó sọ pé "kàn".

Ọmọ Ìkìrun ni bàbá mi, Sẹkitéríàtì n'Íbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Babangida kéde ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tuntun, Ọ̀ṣun sì jáde lára Ọ̀yọ́. Ìlú tí wọ́n ti bí ọ ni wọ́n fi pín òṣìṣẹ́. Bàbá mi kó fáìlì rẹ̀ sínú páálí mílíìkì, ó fi okùn ọ̀rá dì í ní ìdì mẹ́rin, ó gbé e sórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀ Òṣogbo, torí kò fẹ́ kí wọ́n jù ú sí búùtù. Yàrá tí wọ́n fún wọn ò ní tábìlì. Orí páálí yẹn ló ti ń fọwọ́ sí ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa ò lè tẹ̀ lé e torí ilé ìwé, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń rí i, fún ọdún mẹ́ta. Ẹní tó ń sùn lé n'Ìbàdàn wà ní kíká nígun yàrá láti ọjọ́ Ajé. Ẹ má sọ fún mi pé wọn ò tú nǹkan kan palẹ̀.

Síbẹ̀, mo gbà fún ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn dé ìdajì. Ohun tí wọ́n yí ní 1991 ni ààlà àti pátákó ọ́fíìsì. Ibi tí owó àti àṣẹ ti ń wá kò yí. Òfin 1999 to nǹkan 68 jọ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní agbára lé lórí, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ohun àlùmọ́ọ́nì náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wúrà wà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wà á, Ábùjá ni yóò ti gba ìwé àṣẹ. Òṣogbo ò lè fún un. Nínú owó ohun àlùmọ́ọ́nì tó ń wọlé, ó kéré tán ìdá 13 nínú 100 ni òfin ní kó padà sí ìpínlẹ̀ tó ti jáde. Ẹ fi èyí wé ìdajì ayé àtijọ́.

Nígbà tí àtúntò gidi sì wá ṣẹlẹ̀ díẹ̀, ariwo rẹ̀ ò tó nǹkan. Lóṣù kẹta ọdún 2023, Buhari fọwọ́ sí àwọn àtúnṣe òfin tó gbà kí ìpínlẹ̀ ṣe rélùwéè, kí wọ́n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n sì lè pèsè iná mànàmáná kí wọ́n pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Àwọn tó ti ń pariwo restructuring láti ọdún gbọọrọ ò pe ìyẹn ní restructuring. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Agbára kúrò níbì kan, ó dé ibòmíràn. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń béèrè nìyẹn.

* * *

Àwọn méjì ti fa ara wọn láṣọ lórí ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014. Fún àwọn tí kò rántí: aṣojú 492 ló jókòó l'Ábùjá, adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀, Idris Kutigi, ni alága, ìpinnu wọn sì lé ní 600. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ mú ìwé yẹn lò, àtúntò ti dé. Ẹni kejì ní ẹkùn mẹ́fà ni òun ń fẹ́, bí àwọn àgbà Yorùbá ṣe sọ ọ́ n'Íbàdàn lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé 2014 yẹn. Ó dá a lábàá kí wọ́n fi ìpínlẹ̀ 18 kún èyí tó wà. Ó di 54 nìyẹn. Ẹni tó ń fẹ́ ẹkùn mẹ́fà àti ẹni tó ń fẹ́ ìpínlẹ̀ 54 ń kígbe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò ràn wá lọ́wọ́?

Ohun tí mo máa ń ṣe tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú mi ni pé màá wá ohun tí ẹni náà ní kí wọ́n ṣe. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni, màá kọ ọ́ pé "ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọlọ́pàá tirẹ̀". Tí kò bá sọ nǹkan kan pàtó, màá kọ pé "ó ní kí wọ́n ṣàtúntò Nàìjíríà, kò sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é". Agbẹnusọ olóṣèlú kan ti pè mí rí nítorí gbólóhùn yẹn, ó ní mo tàbùkù ọ̀gá òun. Mo ní kó sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é, màá kà á lágogo mẹ́fà. Kò pè mọ́.

* * *

Àǹtí kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé, mo sì fẹ́ dá a lóhùn dáadáa. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, gbogbo ìgbà ni shake-up ń wà nínú ìwé ìròyìn, bí irú èyí tí Keir Starmer, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kéde lóṣù kẹta ọdún 2025 pé àwọn yóò pa àjọ NHS England tó ń darí ètò ìlera rẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ padà sábẹ́ ìjọba gan-an. Ọ́fíìsì kékeré kan ni òun ti ń ṣiṣẹ́, àwọn náà ní restructure ti dé, lẹ́tà sì ti wá pé ipò òun wà "at risk". Ó ń béèrè bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá òun l'Ábẹ́òkúta.

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ tiwa ná. Lóṣù keje ọdún 2004, Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀, ní kí gbogbo báńkì ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà nígbà yẹn. Wọ́n ń ra ara wọn, wọ́n ń pa pọ̀, ó ku 25. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó pa pọ̀. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, ó wọlé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́: bàtà sìlípáàsì tó máa ń wọ̀ lábẹ́ káńtà, ife tíì rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìṣirò. Ìyá wa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fún mi ní lẹ́tà pé kí n túmọ̀ rẹ̀, ṣebí iṣẹ́ mi ni. "Ongoing restructuring" ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní àwọn ń ṣàtúntò báńkì ni."

Ìyá wa wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Tí wọ́n bá tò ó tán, ṣé wọ́n á pè ọ́ padà?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Èmi ni mo fa ìrètí yẹn sí ìyá wa lọ́kàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Nítorí náà, Àǹtí, ẹ má sọ fún Ìyá pé wọ́n ń tún ibi iṣẹ́ tò. Ẹ má sì sọ pé wọ́n fẹ́ lé yín, torí l'Ábẹ́òkúta, ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ ti ṣẹ̀, aládùúgbò á máa béèrè ohun tó jí. Redundancy tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ipò ló ń pa rẹ́, kò sọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe nǹkan kan. Mo lè sọ ọ́ báyìí: "Ìyá, wọ́n fẹ́ pa iṣẹ́ tí mò ń ṣe rẹ́. Mi ò ṣẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, kò tíì bọ́." Wọ́n á gbàdúrà fún yín lórí ohun tó wà ńlẹ̀ gan-an.

* * *

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà dé. Ìròyìn mìíràn irú rẹ̀ ti tún wọlé, ó ní kí n yẹ ohun tó kọ wò kó tó kà á lálẹ́ òní: "Àyípadà ńlá: ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ti yí àwọn kọmíṣánnà padà."

Ó ti sàn ju ìmìtìtì lọ. Yọ "àyípadà ńlá" kúrò, olùgbọ́ á fúnra rẹ̀ mọ bó ṣe tóbi tó tí o bá ka iye wọn. "Yí padà" náà ò bá a mu: ìwà èèyàn ló ń yí padà, tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Kọ pé ó gbé wọn, kí o sọ ibi tó ti gbé wọn àti ibi tó gbé wọn lọ. Tí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún ọ kò bá dárúkọ ìpínlẹ̀, padà lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, má kà á bẹ́ẹ̀. Tí Oǹdó bá sì wà lára wọn, òun ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ. Bàbá Àkúrẹ́ yẹn á ti wà nídìí rédíò.